Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọmọọba Lateef Fagbemi: ta ló ń bùwọ́ lu àwọn ẹ̀sùn agbésùnmọ̀mí wọ̀nyí?

Ẹ̀yin Ọmọọba Lateef Fagbemi, SAN, mínísítà ètò ìdájọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Bóyá lẹ́tà yìí máa dé ọ̀dọ̀ yín, bóyá kò ní dé, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá torí ọmọ Ìjàgbò ni yín, kò sí pé ẹnì kan ń bá yín túmọ̀ ẹ̀, àti pé tí mo bá kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, àwọn lọ́yà á ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé ìlà kẹta. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ará Ìbàdàn lásán ni mí, mo máa ń ka ìròyìn, ìṣòro mi ò ju pé mo máa ń rántí ohun tí mo kà.

Ohun tó ń dùn mí ò gùn. Àwọn ẹ̀sùn tó wúwo jù nínú ìwé òfin wa, ìgbésùnmọ̀mí, ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba, fífowó ran agbésùnmọ̀mí lọ́wọ́, ti wá di ohun tí ọlọ́pàá àti DSS, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, máa ń kọ́kọ́ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó máa wá ẹ̀rí kiri, tí ọ̀rọ̀ bá wá dé kóòtù tó fọ́ mọ́ wọn lójú, kò sẹ́ni tó máa padà wá sórí tẹlifíṣọ̀n yẹn wá sọ pé ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àga tí ẹ jókòó lé yẹn lágbára láti dá a dúró, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ̀wé sí ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí gbogbo wa ti jọ rí i lórí fóònù. November 1, 2024, ọjọ́ Friday, ní Federal High Court l'Ábújá. Wọ́n kó ènìyàn 76 wá síwájú Adájọ́ Obiora Egwuatu, àwọn tí ọlọ́pàá mú nígbà ìwọ́de EndBadGovernance oṣù August, nǹkan bí 30 nínú wọn jẹ́ ọmọdé, wọ́n ní àwọn kan ò ju ọmọ ọdún 14 lọ. Ẹ rántí bí àwọn ọmọ yẹn ṣe rí? Egungun ọrùn wọn ń yọ. Kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn tán, àwọn kan ti ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù, wọ́n ń yí nílẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá bísíkíìtì àti omi fún wọn. Kí wá ni wọ́n ní wọ́n ṣe? Ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba! Pé wọ́n gbógun ti Nàìjíríà kí wọ́n lè kó jìnnìjìnnì bá ààrẹ. Ẹ̀sùn tó jẹ́ pé ikú ni ìjìyà ẹ̀ fún àgbàlagbà. Ọmọ tí ò tíì dàgbà tó ẹni tó ń dìbò, tí ebi ti lù bolẹ̀, òun ló fẹ́ fi tipátipá gba Villa lọ́wọ́ Tinubu. Haba, sà.

Adájọ́ fún wọn ní béèlì ṣá, mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lórí kálukú, pẹ̀lú onídùúró méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipele 15. Mo ka èyí, mo tún un kà. Mo ń ro bàbá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ní Kano, pé ibo ló ti fẹ́ bá òṣìṣẹ́ ìjọba ipele 15 pàdé, kó tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dúró fún ọmọ òun ní ẹjọ́ ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Béèlì yẹn ò yàtọ̀ sí kí wọ́n kàn sọ pé ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Ibi tí wọ́n sì ti ń bọ̀ ni àtìmọ́lé láti oṣù August, torí pé oṣù yẹn kan náà ni Adájọ́ Emeka Nwite ti fún ọlọ́pàá láṣẹ pé kí wọ́n fi ènìyàn 124 lára àwọn tí wọ́n kó nígbà ìwọ́de yẹn sátìmọ́lé fún 60 ọjọ́ kí ìwádìí lè máa lọ.

Àmọ́ ohun tó bí mi nínú jù lọ́jọ́ yẹn, kì í tiẹ̀ ṣe kóòtù. Àtẹ̀jáde tí ọlọ́pàá gbé jáde lẹ́yìn ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ṣubú yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni kí àwọn oníròyìn lè rí nǹkan gbé kiri. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ti tó ọjọ́ orí tí òfin lè mú, òfin máa mú un. Ọ̀gá mi, ṣé ẹ rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ojú gbogbo ayé rí ohun tó ṣẹlẹ̀, kámẹ́rà ká a, síbẹ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba rí ṣe ni láti ṣàlàyé fún wa pé ohun tá a fojú ara wa rí kọ́ la rí. Tí kámẹ́rà ò bá sí ńbẹ̀ ńkọ́?

Mo máa sọ tiyín tó dáa o, kó má di pé mo wá bú yín nìkan. Kò tó ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ fi sọ pé kí ọlọ́pàá gbé fáìlì ẹjọ́ yẹn wá fún yín. Ní Monday, November 4, ààrẹ ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, ní ọjọ́ kejì ẹ̀ agbẹjọ́rò ìjọba lọ sí kóòtù, ẹjọ́ parí, fún gbogbo ènìyàn 119 tó wà nínú ẹ̀, àwọn 76 yẹn àti àwọn mìíràn tí wọ́n mú nígbà ìwọ́de yẹn. Ẹ ṣeun. Mo sọ ọ́ láti ọkàn wá. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin péré ni gbogbo ẹ̀ gbà, láti ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba dé máa lọ ilé. Ṣé ẹ̀rí wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Friday tó wá pòórá nígbà tó fi máa di Tuesday? Àbí kò sí ńbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kàn mú ẹ̀sùn tó tóbi jù torí pé ẹ̀sùn kékeré, bí ìdàlúrú tàbí ìfọ́lé, ò ní gba ọlọ́pàá láàyè láti ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé fún oṣù mẹ́ta?

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ yẹn náà, wọ́n kó wọn lọ sí Villa, wọ́n fún wọn lóúnjẹ, igbákejì ààrẹ Kashim Shettima bá wọn sọ̀rọ̀ bíi bàbá. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló ti sọ pé ìjọba ní fídíò àti fọ́tò tó fi hàn pé àwọn kan nínú wọn ba dúkìá jẹ́, pé ààrẹ ló ṣàánú wọn. Èmi ò mọ òfin, àmọ́ mo mọ̀ pé kóòtù ni wọ́n ń gbé ẹ̀rí lọ. Ẹ ò gbé fídíò yẹn lọ síwájú adájọ́, ẹ wá gbé e síwájú kámẹ́rà NTA lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí, tí àwọn ọmọ yẹn ò sì láǹfààní láti fèsì mọ́. Báyìí, ìjọba jẹ́bi tán, ìjọba tún gbayì ńbẹ̀, àwọn tí wọ́n ò dá lẹ́bi sì ń lọ sílé pẹ̀lú àánú dípò àre. Ẹni tó kọ irú ètò yẹn, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ o jàre.

Láìgbàgbé, ìwọ́de yẹn kan náà ni DSS ti kéde pé àwọn mú àwọn télọ̀ tó ń rán àsíá Rọ́ṣíà ní Kano. Télọ̀! Oníbàárà gbé aṣọ wá, ó ní kí n rán an báyìí, mo rán an, DSS dé. Ẹ dáríjì mí, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ẹni tí wọ́n mú ò rẹ́rìn-ín. Inú oṣù August yẹn náà ni wọ́n ya wọ ilé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ l'Ábújá lóru, tí ọlọ́pàá sì kọ̀wé pe Joe Ajaero, olórí NLC, pé kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀ lórí fífowó ran agbésùnmọ̀mí lọ́wọ́ àti ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Nígbà tó sì fẹ́ wọ bàálù lọ sí London lóṣù September, DSS mú un ní pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n fi í sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ibo ni ìwádìí fífowó-ran-agbésùnmọ̀mí-lọ́wọ́ yẹn dé, sà? Ẹ̀sùn tó tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi kan ẹni tó ń ṣojú fún gbogbo òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè, ó yẹ kó ní ìparí, bóyá wọ́n rí nǹkan tàbí wọn ò rí nǹkan, kí ẹnì kan sọ fún wa.

Mo mọ̀ pé ẹ lè ní kì í ṣe ìjọba tiwa ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ti 2020. Lẹ́yìn EndSARS, lẹ́yìn Lekki, CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, lọ sí kóòtù l'Ábújá, Adájọ́ Ahmed Mohammed fún wọn láṣẹ ní November 4 láti gbẹ́sẹ̀ lé àkántì àwọn 20 tó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìwọ́de yẹn, fún 90 ọjọ́. Ìdí tí CBN sọ fún kóòtù? Pé ó ṣeé ṣe kí owó inú àkántì yẹn jẹ́ ti ìgbésùnmọ̀mí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá owó jọ ra omi àti oúnjẹ fún ara wọn, tí wọ́n ń gba lọ́yà fún àwọn tí ọlọ́pàá mú, tí wọ́n ń san owó ọsibítù. Wọ́n ò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn sí kóòtù kí wọ́n tó gba àṣẹ yẹn o, àwọn kan tiẹ̀ sọ pé báńkì ti tì àkántì àwọn pa kí adájọ́ tó sọ nǹkan kan. Ẹ mọ ohun tí Yorùbá máa ń pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tó di February 2021, ẹjọ́ yẹn fọ́nká, kóòtù ní kí wọ́n ṣí àkántì padà, ó tán. Kò sí agbésùnmọ̀mí. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta, ẹni tó ní àkántì yẹn ò lè san owó ilé, oníbàárà ẹ̀ ti gbọ́ pé wọ́n ní ó ń fowó ran agbésùnmọ̀mí, àwọn tó fẹ́ fún un níṣẹ́ ti sá. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Èmi lójú tèmi, wọn ò tiẹ̀ nílò láti jàre ẹjọ́ yẹn, ọjọ́ tí wọ́n gba àṣẹ yẹn ni wọ́n ti jàre.

Ti Ìbàdàn wa ńkọ́. July 1, 2021, aago kan òru ti lọ, DSS ya bo ilé Sunday Igboho, ajìjàgbara Yorùbá Nation, ní Soka. Ènìyàn méjì kú. Wọ́n kó ènìyàn 12 lọ sí Ábújá. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, agbẹnusọ DSS ti wà níwájú oníròyìn, ó to ìbọn AK-47 méje sílẹ̀, ọta ìbọn bí ilẹ̀ bí ẹní, ó tún kó àdá àti oògùn abẹnu gọ̀ǹgọ̀ sí i, pé ọkùnrin yìí ń múra ogun sílẹ̀ dè Nàìjíríà. Igboho ní irọ́ ni, ìbọn yẹn kì í ṣe tòun. Ta ló ń parọ́? Èmi ò sí ńbẹ̀, ẹ̀yin náà ò sí ńbẹ̀, kóòtù ló yẹ kó sọ. Àwọn 12 yẹn, lọ́yà wọn ní láti lọ bẹ kóòtù kó tó di pé wọ́n rí ojúùmọ́mọ́, Adájọ́ Egwuatu, òun náà tó wá gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọ 2024, ló fún wọn ní béèlì lóṣù August. Ní September, Adájọ́ Ladiran Akintola ní kóòtù gíga Ìbàdàn ní kí ìjọba san ogún bílíọ̀nù náírà fún Igboho, lọ́dún tó tẹ̀ lé e kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e, mi ò ní bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé àwọn ìbọn tí wọ́n tò sórí tábìlì yẹn, ṣé wọ́n gbé e wá síwájú adájọ́ kankan rí, kí wọ́n bi ẹni tó rí i pé ibo lo ti rí i, ọwọ́ ta ló wà? Àbí orí tábìlì yẹn ni iṣẹ́ ẹ̀ parí sí?

Lọ́dún 2021 yẹn náà, ẹni tó jókòó sórí àga yín kí ẹ tó dé, Abubakar Malami, sọ pé ìjọba ti mú nǹkan bí 400 ènìyàn tó ń fowó ran Boko Haram lọ́wọ́, pé wọ́n máa tó gbé wọn lọ sí kóòtù. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ báyìí, fáìlì yẹn á wà nínú ọ́fíìsì yín. Mélòó nínú 400 ló dé kóòtù?

Bẹ́ẹ̀ sì ni ti Kainji, èyí tí wọn kì í sábà sọ lápá ibí torí pé ó jìnnà sí wa. October 2017, inú bárékè ológun ní Kainji, ìpínlẹ̀ Niger, ìjọba gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ní ọmọ Boko Haram ni wọ́n, tí wọ́n ti tì mọ́lé fún ọdún púpọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí oníròyìn wọlé. Nígbà tí ìpele àkọ́kọ́ máa parí, ìjọba fúnra ẹ̀ ló kéde èsì: ènìyàn 45 jẹ̀bi, ènìyàn 468 ò ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́. 468! Tó sì máa múni láyà já, wọn ò kàn fi àwọn 468 yẹn sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ o, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀kọ́ ìyípadà ọkàn ná. Ẹ ò dá a lẹ́bi, ẹ tún ní kó lọ ronú pìwà dà. Lóòótọ́, Amnesty ti sọ lọ́dún 2015 pé ó lé ní 7,000 ènìyàn tó kú sí àtìmọ́lé àwọn ológun lápá Àríwá Ìlà-oòrùn láti 2011. Nígbà tí mo wá ka ti 468 yẹn, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mélòó nínú àwọn tó kú yẹn ni ò bá ti gbọ́ pé àwọn ò ní ẹjọ́ láti jẹ́, ká ní ẹ̀mí wọn gùn dé Kainji.

Mo fẹ́ dárúkọ Nnamdi Kanu, olórí IPOB tó ń jà fún Biafra, díẹ̀, n ò sì fẹ́ kẹ́ni kankan sọ mí di ọmọ IPOB o, ohun tó máa ń sọ lórí rédíò nípa Yorùbá nígbà kan, mi ò tíì gbàgbé. October 2022, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní bí wọ́n ṣe gbé e wá láti Kenya ò bófin mu, wọ́n dá a sílẹ̀. Kí ni ìjọba sọ? Wọ́n ní dídá sílẹ̀ ni, kì í ṣe dídá láre, wọ́n sì fi í síbẹ̀, ó wà ní àtìmọ́lé DSS títí Supreme Court fi yí ìdájọ́ yẹn padà ní December 2023. Ní November 2025 Adájọ́ James Omotosho wá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n gbére. Ó dáa, ó ti gba ìdájọ́. Àmọ́ ọdún kan ó lé yẹn, tí ilé ẹjọ́ ti ní kó máa lọ tí ìjọba sì ní kò lọ ibì kankan, òfin wo ló ń ṣiṣẹ́? Tí ẹ bá lè ṣe é fún ẹni tí gbogbo wa ò fẹ́ràn, ẹ máa ṣe é fún ẹni tá a fẹ́ràn, ẹ ti ṣe é rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé mi ò mọ ohun tí agbésùnmọ̀mí jẹ́. Ọ̀wọ̀ ò jìnnà sí mi. June 5, 2022, ọjọ́ ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ṣọ́ọ̀ṣì St Francis, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 40, pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, pẹ̀lú àwọn ìyá arúgbó tó wọ aṣọ tuntun. Ní August ọdún yẹn, àwọn ológun kéde pé àwọn ti mú àwọn tó ṣe é. Ẹ mọ ìgbà tí wọ́n tó ka ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn? August 2025. Ọdún mẹ́ta gbáko. Mo mọ̀ pé ẹjọ́ ńlá kì í yá, mo sì fẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ kí àwọn ará Ọ̀wọ̀ lè mọ̀ dájú pé àwọn gan-an nìyí, kì í ṣe àwọn tí wọ́n kàn mú kí wọ́n lè ní wọ́n mú nǹkan. Àmọ́ ẹ fi wé àwọn ọmọ yẹn: ní oṣù mẹ́ta, ìwádìí ti parí, ẹ̀sùn ti wà nílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ yín, Kwara, ní Èrúkú, November 2025, àwọn agbébọn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì CAC níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn lójú kámẹ́rà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó ènìyàn 38 lọ. Ilé ń jó lápá ibí, sà, ẹ sì ń rán ọlọ́pàá lọ lé eku.

Ọ̀rọ̀ òfin ni mo máa fi bá yín parí ẹ̀, tí ẹ máa fi gbà mí láyè torí pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Ìwé òfin 1999, ẹsẹ 35, ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú lọ sí kóòtù láàárín ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà nítòsí, ọjọ́ méjì tó bá jìnnà. Ẹsẹ 36 ní aláìjẹ̀bi ni títí wọn á fi dá a lẹ́bi. Àmọ́ òfin ìgbésùnmọ̀mí tí a ṣe ní 2011, tí a tún ṣe ní 2013, tí a tún wá kọ tuntun ní 2022, ló wá fún ọlọ́pàá ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: lọ bá adájọ́, ìwọ nìkan, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ò sí ńbẹ̀, lọ́yà ẹ̀ ò sí ńbẹ̀, gba 60 ọjọ́, tí 60 bá pé, padà lọ gba 60 mìíràn. Àwọn tí wọ́n kọ́ wa ní òfin yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí bọ́ǹbù pa ènìyàn 52 ní London ní July 2005, Tony Blair lọ bẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pé kí wọ́n fún ọlọ́pàá ní 90 ọjọ́. Ìbò 322 sí 291, wọ́n kọ̀ fún un, wọ́n kọ̀ fún olórí ìjọba tiwọn, ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ilé yẹn o. Lónìí 14 ọjọ́ ni òfin wọn gbà kí ọlọ́pàá fi ẹni tí wọ́n fura sí pé agbésùnmọ̀mí ni pamọ́ láìfẹ̀sùn kàn án. Tiwa 60, tó ṣeé sọ dọ̀tun. Ta ló sì dìde lọ́jọ́ tí ilé aṣòfin wa ń kọ ìyẹn? Mi ò rántí pé mo gbọ́ ariwo kankan.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún nìyí, kò gba kí ẹ yí òfin padà o, kò gba owó. Ẹ kọ̀wé sí ọlọ́pàá àti DSS pé láti òní lọ, kò sí ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí tàbí ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba tó máa wọ kóòtù láìjẹ́ pé ọ́fíìsì yín ti ka fáìlì ẹ̀ tó sì bùwọ́ lù ú, kí orúkọ ẹni tó bùwọ́ lù ú wà ńbẹ̀ kedere, tí ọmọ tí ò tíì pé 18 bá sì wà nínú ẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín kà á, torí pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003, ó sì ní kóòtù tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ sọ fún wa ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta pé ènìyàn mélòó ló wà nínú àtìmọ́lé 60 ọjọ́ yìí, níbo, ó ti tó ọjọ́ mélòó, mélòó ni ọmọdé. A ò ní kí ẹ sọ àṣírí ìwádìí, iye lásán là ń bèèrè. Tí ẹ bá tún gbẹ́sẹ̀ lé àkántì ẹnì kan, kí ẹni tó ni ín gbọ́ lẹ́nu ìjọba, kó má jẹ́ níwájú ATM, kí wọ́n sì fún un lọ́jọ́ tó máa wá sọ tẹnu ẹ̀ níwájú adájọ́, kó má sì jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àti èyí tó ń jẹ mí lẹ́nu jù: nígbà tí ẹjọ́ bá fọ́, agbẹnusọ tó bọ́ síwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun gan-an náà ni kó padà bọ́ síwájú kámẹ́rà, kó dárúkọ wọn, kó ní wọn ò jẹ̀bi, kó sì gbé e sórí ìkànnì kan náà tó gbé tàkọ́kọ́ sí. Ẹ máa rí i pé ẹnu wọn á wúwo díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé ọjọ́ kejì ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ọ́fíìsì yín á sọ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń ran agbésùnmọ̀mí lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ fún àwọn tó ju mí lọ. Kò burú.

Ìbéèrè kan ló kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn tí àyè bá gbà yín: lára gbogbo àwọn tí ọlọ́pàá àti DSS kó nígbà ìwọ́de August 2024, jákèjádò Nàìjíríà, kì í ṣe àwọn 119 tí gbogbo ayé rí yẹn nìkan o, ṣé ẹnì kankan ṣì wà ní àtìmọ́lé di òní? Tó bá wà, kí ni wọ́n ní ó ṣe, ta ni lọ́yà ẹ̀, ìgbà wo ló sì tún máa dé iwájú adájọ́?

Mò ń retí èsì yín, sà.

Èmi ni tiyín,
ọmọ Nàìjíríà kan láti Ìbàdàn